Àmì Tí Kò Ní Lẹ́tà

Agogo méje ààbọ̀ àárọ̀ ti kọjá díẹ̀ nígbà tí ìgbálẹ̀ bàbá agbálẹ̀ kan bàtà obìnrin lẹ́yìn gbọ̀ngàn ńlá ilé-ẹ̀kọ́ iṣẹ́-ọnà náà. Ó rò pé ẹnì kan ló gbàgbé bàtà síbẹ̀. Ó bẹ̀rẹ̀ láti mú un, ó sì rí i pé ẹsẹ̀ wà nínú rẹ̀.

Ọmọbìnrin tí gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ ń pè ní Lẹ́ẹ̀dì ni, nítorí pé lẹ́ẹ̀dì ìkọ̀wé kì í wọ́n nínú irun rẹ̀. Kò tíì pé ọmọ ọdún mẹ́tàlélógún. Ó ti já bọ́ láti ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìta tó wà lẹ́yìn yàrá ìyàwòrán ní àjà kẹta, ó sì dojú bolẹ̀ lórí sìmẹ́ńtì. Ọjọ́ náà gan-an ni àfihàn ọlọ́jọ́ mẹ́ta tí wọ́n ń ṣe lọ́dọọdún fẹ́ bẹ̀rẹ̀, èyí tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ fi ń pàtẹ ìwé alá​wòrán tí wọ́n yà, tí wọ́n sì ń fi àwòrán tó ń rìn han àlejò lórí aṣọ funfun. Iṣẹ́ Lẹ́ẹ̀dì ni wọ́n fẹ́ fi ṣí i: ìwé olójú-ewé ogójì nípa ọmọbìnrin kan tó di ẹyẹ.

Ìnsípẹ́kítọ̀ tó wá síbẹ̀, Jẹ́jẹ́ ni wọ́n ń pè é ní àgọ́ ọlọ́pàá, torí pé kì í gbé ohùn sókè. Àwọn tó ti jókòó níwájú rẹ̀ rí mọ̀ pé ohùn rẹ̀ nìkan ló rọ̀.

Ó kọ́kọ́ kúnlẹ̀ ti òkú náà. Ó wo ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ pẹ́. Tàdáwà aláwọ̀ aró wà lórí ìka méjì àti àtàǹpàkò, kò sì tíì pẹ́ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló gun òkè lọ. Irin ìdáàbòbò ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìta náà kò ju ìbàdí ènìyàn lọ. Lórí tábìlì oníná, irú èyí tí àwọn ayàwòrán ń tẹ́ bébà lé kí ìmọ́lẹ̀ lè là á já, bébà líle kan wà níbẹ̀ tí kò ju àtẹ́lẹwọ́ lọ. Tàdáwà dúdú ni wọ́n fi kọ ọ́, lẹ́tà ńlá, ìlà mẹ́ta:

Ó TI SÚ MI.
MO FẸ́ PA
ARA MI

Lábẹ́ ìlà kẹta, létí bébà gan-an, àmì tín-ín-rín kan dùbúlẹ̀ bí igi ìṣáná tó ń yọ̀ lọ sí ọ̀tún.

Sájẹ́ǹtì, ọmọbìnrin gíga kan tí kò tíì pẹ́ lẹ́nu iṣẹ́, wò ó láti ẹ̀yìn ọ̀gá rẹ̀.

“Pẹ́ẹ̀nì ló yọ̀ mọ́ ọn lọ́wọ́, sà. Ọwọ́ ẹni tó fẹ́ kú á máa gbọ̀n.”

“Wo àwọn lẹ́tà yòókù. Èwo ló gbọ̀n níbẹ̀?”

“Kò sí, sà.”

“Àti pé dúdú lèyí. Aró ló wà lọ́wọ́ rẹ̀. Kí ló wá ń fi aró kọ láàárọ̀ yìí?”

Ọ̀gá àgbà ilé-ẹ̀kọ́ náà pàdé wọn lórí àtẹ̀gùn. Obìnrin tó wọ aṣọ ayẹyẹ ni, ojú rẹ̀ sì ti pọ́n.

“Ọ̀gá ọlọ́pàá, ó dùn wá púpọ̀. Ṣùgbọ́n ó kúkú kọ ọ́ sílẹ̀ fúnra rẹ̀. Àwọn àlejò ti ń dé lẹ́nu géètì. Tí a bá lè gbé e lọ ní jẹ́jẹ́...”

“Jẹ́jẹ́ ni mo ń ṣe gbogbo nǹkan, mà. Ìdí nìyẹn tó fi máa ń pẹ́ mi. Ẹ sọ fún àwọn àlejò kí wọ́n padà sílé.”

Bàbá agbálẹ̀ ló kọ́kọ́ jókòó níwájú rẹ̀, nínú yàrá kékeré tí wọ́n ń kó àga sí.

“Mẹ́fà ààbọ̀ ni mo ṣí géètì. Àwọn ọmọ bíi mẹ́wàá ti dúró síta pẹ̀lú olùkọ́ wọn. Ilé kejì ni ọ̀pọ̀ wọn gbà lọ, wọ́n lọ ń kan àwòrán mọ́ ògiri. Ní bíi méje ku ìṣẹ́jú mẹ́wàá, mo tan jẹnẹrétọ̀ kí olùkọ́ lè yẹ ẹ̀rọ wò. Ẹ mọ ariwo rẹ̀. Bí ènìyàn bá ń ké ní ẹ̀yìn ibẹ̀, ta ni yóò gbọ́?”

“Lẹ́yìn náà ńkọ́?”

“Ó ti lé ní méje kí n tó wá gbá gbọ̀ngàn ńlá. Mo gbá abẹ́ gbogbo tábìlì. Kódà inú mi dùn sí tábìlì ẹnu ọ̀nà, èyí tí wọ́n to ìwé ọmọ yẹn sí lánàá. Ó ti ṣófo. Ìwé kì í jẹ́ kí ènìyàn gbálẹ̀ dáadáa.” Ó ki ọwọ́ bọ àpò. “Pẹ́ẹ̀nì yìí ni mo rí lábẹ́ rẹ̀. Kò ní ìdérí. Mo ní n bá ẹni tó ni ín fi pamọ́.”

Pẹ́ẹ̀nì aláwọ̀ aró ni. Ìnsípẹ́kítọ̀ gbà á, ó fi aṣọ wé e.

“Nígbà tí ẹ gbá gbọ̀ngàn tán, ibo lẹ gbà?”

“Ẹ̀yìn gbọ̀ngàn, sà.” Bàbá náà nu ojú rẹ̀. “Ibẹ̀ ni mo ti rí i.”

Olùkọ́ tó ń kọ́ wọn ní àwòrán tó ń rìn wọlé lẹ́yìn rẹ̀. Ọkùnrin tó gbẹ, tó ń sọ̀rọ̀ bí ẹni tó ń gé igi ni. Kò dúró kí wọ́n bi í.

“Ẹ ó gbọ́ pé mo bá a jà níjẹta. Òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n bí a bá ń jà, bíi ká kú kọ́.”

“Kí lẹ jà sí?”

“Orúkọ. Orúkọ kan ṣoṣo ni fọ́ọ̀mù ilé-ẹ̀kọ́ gbà, ẹni tó yàwòrán. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan wà tí wọ́n ń pè ní Ọ̀rọ̀pọ̀, òun ló kọ gbogbo ọ̀rọ̀ inú ìwé náà. Mo yọ orúkọ ọ̀rẹ́ yẹn kí wọ́n tó tẹ̀ ẹ́. Òfin ni, kì í ṣe èmi. Nígbà tí Lẹ́ẹ̀dì rí ìwé náà, ó wá bá mi, ó ń gbọ̀n. Mo ní ó ti pẹ́ jù, wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ tán. Ó ní òun á tún un ṣe. Mi ò mọ ohun tó ní lọ́kàn.”

“Ṣé ẹ sọ fún ọ̀rẹ́ rẹ̀ pé ẹ̀yin lẹ yọ ọ́?”

Olùkọ́ náà wo ilẹ̀. “Kò bi mí.”

Ọ̀rọ̀pọ̀ wọlé pẹ̀lú ẹ̀kúnwọ́ aṣọ ìnujú. Ọmọbìnrin kúkúrú ni, ojú rẹ̀ wú. Ó kúnlẹ̀ kí Ìnsípẹ́kítọ̀ kó tó jókòó.

“Ẹ máa pè mí ní Ọ̀rọ̀pọ̀ bí wọ́n ṣe ń pè mí, sà. Ẹnu mi ló fà á. Lónìí, kò sí ọ̀rọ̀ lẹ́nu mi.”

“Kí ni iṣẹ́ tìrẹ nínú ìwé náà?”

“Mo kàn ń ràn án lọ́wọ́ ni. Iṣẹ́ rẹ̀ ni.”

Sájẹ́ǹtì gbé orí sókè. Ìnsípẹ́kítọ̀ kò gbé tirẹ̀.

“Ǹjẹ́ ẹ̀yin méjèèjì jà?”

“Àwa kẹ̀? Ẹyin lohùn, sà. Bó bá bọ́ sílẹ̀, fífọ́ ló ń fọ́. Mo máa ń ṣọ́ ohun tí mo bá sọ sí i.” Ó sunkún díẹ̀. “Ó ti rẹ̀ ẹ́ láti ọjọ́ yìí. Kì í sùn. Ó ní gbogbo nǹkan ti sú òun.”

“Wọ́n ní o kó àwọn ìwé rẹ̀ kúrò lórí tábìlì.”

“Bẹ́ẹ̀ ni, sà. Bí a ṣe gbọ́ pé ó ti kú báyìí, mo sáré lọ kó wọn. Kò dáa kí àlejò máa ṣí ìwé òkú, kí wọ́n máa rẹ́rìn-ín. Ọ̀wọ̀ ni.”

“Ta ló bá ọ dì wọ́n?”

“Èmi nìkan ni. Páálí mẹ́ta. Èmi ni mo dì wọ́n, èmi ni mo lẹ̀ wọ́n pa. Wọ́n wà ní yàrá ẹrù. Kò sẹ́ni tó fọwọ́ kàn wọ́n.”

“O ṣeun,” ni Ìnsípẹ́kítọ̀ wí. “Lọ jókòó. Mi ò tíì bá ọ sọ̀rọ̀ tán.”

Nígbà tí ó jáde sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, ó rí ọkùnrin àgbàlagbà kan lórí bẹ́ǹṣì. Ó wọ aṣọ funfun tí wọ́n fi sítáàṣì lọ̀, ìdí ìka rẹ̀ ní ọ̀dà pupa àti àwọ̀ ewé tí ọṣẹ kò lè bó mọ́. Ó gbé nǹkan kan tí wọ́n fi ìwé ìròyìn wé lé orí eékún. Ẹni tó bá ti ń kọjá ní òpópónà ìlú náà ti rí iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀: òun ló ń kọ pátákó ìsọ̀, òun ló ń kọ nọ́ńbà sára ọkọ̀. Bàbá Lẹ́ẹ̀dì ni. Àfihàn ló ń bọ̀ wá wò. Ẹnu géètì ló ti gbọ́.

“Ẹ kú ìrọ́jú, bàbá,” ni Ìnsípẹ́kítọ̀ wí, ó sì jókòó tì í.

“Wọ́n ní ọmọ mi para rẹ̀.”

“Wọ́n ní bẹ́ẹ̀.”

“Ìyá rẹ̀ wà nílé, kò tíì mọ̀. Ẹsẹ̀ ń dùn ún, òun ni kò ṣe bá mi wá.” Ohùn rẹ̀ kò gbọ̀n. Ó ń sọ ọ́ bí ẹni tó ń wọn pákó. “Ẹ wò ó, ọ̀gá ọlọ́pàá. Bó bá jẹ́ pé ó ṣubú ni, màá lọ sọ fún un pé ó ṣubú. Bí wọ́n bá pa á, màá sọ pé wọ́n pa á. Ṣùgbọ́n mi ò ní lọ sọ fún obìnrin yẹn pé ayé sú ọmọ rẹ̀, tí kò bá jẹ́ òótọ́. Mi ò ní kúrò lórí bẹ́ǹṣì yìí.”

Ìnsípẹ́kítọ̀ mú bébà náà jáde nínú ọ̀rá, ó fi hàn án.

Bàbá náà gbé awò sójú.

“Lẹ́tà rẹ̀ ni. Ẹsẹ̀ R yìí, èmi ni mo kọ́ ọ.” Lẹ́yìn náà ó gbé ìka lé ìsàlẹ̀ bébà. “Ìlà tó kàn dà?”

“Ìlà wo, bàbá?”

“Ìlà tó ni àmì yìí. Àmì dò ni. Òun ló ń rẹ ohùn sílẹ̀. Lókè lẹ́tà ló máa ń wà, kì í wà lábẹ́ rẹ̀. Nídìí iṣẹ́ tiwa, lẹ́tà là ń kọ tán pátápátá ká tó fi àmì sí i. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni nígbà tí mo kọ́ ọ. Mo ní àmì tí kò ní lẹ́tà, fìlà tí kò ní orí ni.” Ó bọ́ awò. “Kì í fi àmì ṣòfò. Kò sì sí àmì ìdánudúró níparí ọ̀rọ̀ yìí. Ẹnì kan ló gé orí yẹn lọ.”

Ìnsípẹ́kítọ̀ dá bébà náà padà sínú ọ̀rá. Lẹ́yìn náà ó wo ohun tó wà lórí eékún bàbá náà.

“Kí lẹ wé sínú ìwé ìròyìn yẹn?”

“Ìwé rẹ̀ ni. Àwọn atẹ̀wé fún un ní ẹyọ kan ṣáájú, ó fi í ránṣẹ́ sílé níjẹta. Ó ní kí n má ṣí i. Ó ní lónìí la máa jọ ṣí i.”

“Bàbá, mo ní láti ṣí i.”

Ọkùnrin náà fọwọ́ pa ìwé ìròyìn náà lẹ́ẹ̀kan, bí ẹni ń pa orí ọmọ. Lẹ́yìn náà ló tú u fúnra rẹ̀.

Agogo mẹ́ta ọ̀sán, Ìnsípẹ́kítọ̀ pe gbogbo wọn sí gbọ̀ngàn ńlá. Aṣọ funfun tí wọ́n fẹ́ fi wòran ṣì wà lára ògiri, kò sí nǹkan kan lórí rẹ̀. Àwọn àga ṣófo. Sájẹ́ǹtì gbé páálí mẹ́ta sórí tábìlì ẹnu ọ̀nà, gbogbo wọn ṣì wà ní lílẹ̀ pa. Bàbá Lẹ́ẹ̀dì jókòó níwájú.

“Ọ̀rọ̀ mi kò gùn,” ni Ìnsípẹ́kítọ̀ wí. “Ohun méjì ló dà mí láàmú láàárọ̀. Àmì kan tí kò ní lẹ́tà, àti tàdáwà aró tí mi ò rí ohun tó fi kọ. Bàbá yìí bi mí pé ìlà tó kàn dà. Mo wá ìlà náà lọ sínú ìwé. Ojú-ewé kọkànlélọ́gbọ̀n. Ọmọbìnrin inú ìtàn dúró lórí òrùlé, ayé ti sú u, ó fẹ́ di ẹyẹ. Ẹ gbọ́ ohun tó sọ.”

Ó ka á láìgbé ohùn sókè.

“Ó ti sú mi. Mo fẹ́ pa ara mi dà.”

Ó gbé ìwé náà sílẹ̀.

“Dà gan-an ni ìlà tó kàn. Kì í ṣe Lẹ́ẹ̀dì ló fẹ́ kú. Ọmọ inú àwòrán ló fẹ́ di ẹyẹ. Ẹnì kan mú ojú-ewé tí Lẹ́ẹ̀dì fọwọ́ yà, ó gbé rúlà onírin lé e, ó gé ọ̀rọ̀ náà lókè D àti A. Ṣùgbọ́n orí A ni àmì rẹ̀ wà. Ó gé lẹ́tà lọ, àmì kù sílẹ̀. Ta ló mọ̀ láìronú pé bí a bá yọ ‘dà’ kúrò, ikú ni yóò kù? Ẹni tó kọ gbólóhùn náà.”

“Èmi kọ́,” ni Ọ̀rọ̀pọ̀ wí kíá. “Mo ní mo kàn ń ràn án lọ́wọ́ ni. Gbogbo ẹni tó bá ka ìwé yẹn ló lè gé e!”

“Bẹ́ẹ̀ ni. Ìdí nìyẹn tí ìwé yẹn fi ní láti kúrò lójú ènìyàn. O ní nígbà tí o gbọ́ pé ó ti kú lo kó wọn. Bàbá, nígbà tí ẹ gbá abẹ́ tábìlì yìí, ṣé ẹ ti rí òkú?”

Bàbá agbálẹ̀ dìde. “Rárá o. Mo gbá ibí tán kí n tó lọ sẹ́yìn.”

“Ìwé ńkọ́?”

“Kò sí ìwé kankan níbẹ̀.”

“Òun ló kọ́kọ́ rí òkú,” ni Ìnsípẹ́kítọ̀ wí, “kò sì sẹ́ni tó ṣáájú rẹ̀ gbọ́. Ìwọ wá ṣe ọ̀wọ̀ fún òkú tí ẹnì kankan ò tíì rí.”

Ó fi ọ̀bẹ la páálí kìíní, ó la èkejì. Ìsàlẹ̀ ẹ̀kẹta, lábẹ́ gbogbo ìwé, ni bébà líle kan wà ní kíká. Ó tẹ́ ẹ. Ọmọbìnrin náà wà lórí òrùlé, apá rẹ̀ ti ń hu ìyẹ́. Níbi tó yẹ kí ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ wà, ihò onígun mẹ́rin ló wà níbẹ̀. Nísàlẹ̀ ihò náà, DA nìkan ló kù, A kò sì ní àmì lórí. Ìnsípẹ́kítọ̀ gbé bébà kékeré náà sínú ihò. Àmì náà bọ́ sí ipò rẹ̀.

Ọ̀rọ̀pọ̀ wò ó. Nígbà tó sọ̀rọ̀, ohùn rẹ̀ ti yí padà.

“Ọdún méjì! Ẹyẹ yẹn, èmi ni mo bí i. Gbogbo ọ̀rọ̀ ẹnu ẹ̀, èmi ni mo kọ ọ́. Ó wá tẹ ìwé, orúkọ tiẹ̀ nìkan! Mo pè é láti òkè pé kó wá ṣàlàyé fún mi. Ó wá, ó ń rẹ́rìn-ín. Ó ń sọ pé, ‘Jẹ́ ká sọ̀kalẹ̀ ná, mo ní nǹkan tí mo fẹ́ fi hàn ẹ́. Sọ̀kalẹ̀ ná.’ Mo ní kò ní fi nǹkan kan hàn mí mọ́ láyé. Mo tì í. Mi ò mọ̀ pé irin yẹn kúrú tó bẹ́ẹ̀.”

Olùkọ́ náà fi ọwọ́ méjèèjì bo ojú. “Èmi ni mo yọ orúkọ rẹ,” ni ó wí. “Kò mọ̀ títí wọ́n fi tẹ̀ ẹ́.”

“Irọ́ ni.”

“Nígbà tí o ń kó ìwé wọ̀nyí sí páálí,” ni Ìnsípẹ́kítọ̀ bi í, “ṣé o ṣí ọ̀kan?”

Ọ̀rọ̀pọ̀ mi orí pé rárá.

Ìnsípẹ́kítọ̀ mú èyí tó wà lókè páálí kìíní, ó ṣí ojú-ewé àkọ́kọ́, ó gbé e síwájú rẹ̀. Lábẹ́ orúkọ Lẹ́ẹ̀dì tí wọ́n tẹ̀, wọ́n ti fi tàdáwà aró kọ lẹ́tà ńlá tó dúró ṣánṣán: Ọ̀RỌ̀PỌ̀ LÓ KỌ Ọ̀RỌ̀ INÚ RẸ̀. Ó ṣí òmíràn. Ohun kan náà ni. Ó ṣí òmíràn.

“Ìdí tí aró fi wà lọ́wọ́ rẹ̀ nìyí. Mẹ́fà ààbọ̀ ló ti jókòó sí tábìlì yìí. Ó ti kọ ọ̀pọ̀ nígbà tí o pè é. Ohun tó fẹ́ fi hàn ọ́ nìyí.”

Igbe tí Ọ̀rọ̀pọ̀ ké kò ní ọ̀rọ̀ kankan nínú. Sájẹ́ǹtì mú un lápá, ó mú un jáde.

Àwọn yòókù jáde tẹ̀lé wọn, lọ́kọ̀ọ̀kan. Bàbá Lẹ́ẹ̀dì nìkan ló kù. Ó dìde, ó lọ sídìí tábìlì, ó ń ṣí àwọn ìwé náà ní ìkọ̀ọ̀kan, ó ń wo lẹ́tà. Ó ṣí mẹ́tàdínlógójì, ó dé orí èyí tó tẹ̀ lé e, ó dúró.

“Kò parí èyí,” ni ó wí.

Ìnsípẹ́kítọ̀ wá wò ó. Gbogbo lẹ́tà pé. Kò sí àmì lórí ọ̀kankan, kò sì sí àmì kankan lábẹ́ wọn: OROPO LO KO ORO INU RE. Ibẹ̀ ló dé nígbà tí Ọ̀rọ̀pọ̀ pè é.

“Ẹ fún mi ní pẹ́ẹ̀nì rẹ̀.”

Ẹ̀rí ni pẹ́ẹ̀nì náà jẹ́, òfin ò sì gbà á. Ìnsípẹ́kítọ̀ tú u kúrò nínú aṣọ, ó fi lé e lọ́wọ́.

“Orúkọ ẹni tó pa ọmọ yín ni, bàbá.”

“Mo rí i. Iṣẹ́ ọmọ mi ni.”

Ó tẹ̀ ba tábìlì. Ó fi àmì sí i láti òsì lọ sí ọ̀tún, òkè àti ìsàlẹ̀, kò kánjú. Nígbà tó fi àmì dò sórí lẹ́tà tó kẹ́yìn tán, ó fẹ́ atẹ́gùn sí i títí ó fi gbẹ. Ó pa ìwé náà dé, ó dá pẹ́ẹ̀nì padà, ó sì mú ọ̀nà ilé pọ̀n láti lọ sọ fún ìyá ọmọ náà pé wọ́n pa á.